Ẹni Tó Ń Bò Mí

Láti ìgbà tí ìyálé mi ti kú, ìdí mi kì í gbé orí àga mọ́. Màá jókòó sídìí máṣíìnì, màá ki òwú bọ abẹ́rẹ́, kí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó yí dáadáa mo ti dìde. Màá ní mo fẹ́ lọ wo ohun tí mo gbé kaná. Mi ò gbé nǹkan kan kaná. Màá padà wá, màá máa wo aṣọ tó wà lórí máṣíìnì bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e síbẹ̀. Bó bá di ọ̀sán, màá mú báàgì mi, màá sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá iwájú pé mò ń lọ ra bọ́tìnnì ní Dùgbẹ̀. Bọ́tìnnì wà nílé, ó kún inú agolo. Màá wọ kọ̀rọ̀pẹ̀ ní Agbowó, màá sọ̀ ní Dùgbẹ̀, màá rìn láàrin èrò títí oòrùn á fi mú mi, màá tún wọ òmíràn lọ sí Challenge. Bí mo bá dé Challenge, màá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ẹni tó ń retí ènìyàn. Kò sí ẹni tí mò ń retí. Awakọ̀ kan tiẹ̀ bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, ibo gan-an lẹ̀ ń lọ?" Mo ní kó ṣáà máa wà á lọ, kó já mi sílẹ̀ níbi tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Àwọn èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe pé iyè mi ti ń ra. Mo mọ orúkọ gbogbo ènìyàn. Mo mọ orúkọ obìnrin tó kọ́ mi ní iṣẹ́ aṣọ, mo mọ ti ọkọ rẹ̀, mo mọ èyí tó ń pe ewúrẹ́ rẹ̀ tó máa ń jẹ bébà tí a fi ń gé aṣọ. Gbogbo ẹni tí mo ti rán sùtánà funfun fún nínú ìjọ wa, mo mọ orúkọ wọn, mo sì mọ gígùn apá wọn. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ orúkọ ẹnì kankan síbí. Púpọ̀ nínú wọn ti lọ, àwọn tó kù kò sì rán mi níṣẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìyàwó ilé ni mí, ìyá tó bí mi sì kọ́ mi: ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ìbáà ṣe àgbà, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, bí wọ́n bá ti bí i kí o tó wọlé, ọkọ rẹ ni. Orúkọ tí o bá fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ lo ó máa pè é títí ọ̀kan nínú yín á fi sùn.

Orúkọ bẹ́ẹ̀ ni mo fún ọmọ ìyálé mi, òun ló sì fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọmọ Èkìtì ni ọkọ wa. Iṣẹ́ káfíńtà ló gbé e wá sí ọjà pákó ní Bódìjà, ó sì kọ́lé sí Agbowó nígbà tí ibẹ̀ ṣì kún fún igbó, tí kò tíì sí ẹni tó mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ á wá bò ó bí eṣú. Ìyálé mi ló kọ́kọ́ fẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un, obìnrin, ọmọ náà sì ti ń sáré kiri kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Ìrọ̀lẹ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sójú àgbàlá pẹ̀lú wọn, òṣùpá yọ, ó tín-ín-rín bí èékánná, àgùàlà sì wà nítòsí rẹ̀, ó ń tàn yanran. Ìyálé mi ń ká aṣọ lórí okùn. Ọmọ náà di etí ìró rẹ̀ mú. Ìyá yà sọ́tùn-ún, ọmọ yà sọ́tùn-ún, ìyá yà sósì, ọmọ yà sósì. Àbúrò ọkọ wa obìnrin, tí èmi ń pè ní Eyínmẹ́nugún nítorí eyín rẹ̀ tó gún régé, ní kí n tètè wá orúkọ fún ọmọ náà kí n má lọ ṣèèṣì pe ti gidi. Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀. Mo ní Àgùàlà ni màá máa pè é.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyálé mi dá iṣẹ́ dúró. Kò sí ẹni tí kò mọ òwe náà nínú wa, pé àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni.

Ó ní, "Ìyàwó, ajá mi lọmọ mi?"

Mo ní, "Ìyálé mi, wọ́n ṣe bí ajá ni, ni òwe wí. Kò wí pé ajá ni."

Ó wò mí títí. Ó wá ju ẹ̀wù kan lù mí pé kí n bá òun ká a. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mi ò ní sọ pé a kò jà. A jà lórí omi, a jà lórí okùn aṣọ, a jà lórí ọkọ wa nígbà tó ṣì lágbára débi tí ènìyàn á torí rẹ̀ jà. Nígbà tó kú, ìjà tán. Ó ku àwa méjèèjì nínú ilé. Àwọn ọmọ tèmi, ọ̀kan wà ní Àkúrẹ́, èkejì ti kọjá sókè òkun. Èmi ń ránṣọ, ìyálé mi ń gbàdúrà. Kò sí òwúrọ̀ tí kì í lọ sí ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, láìwọ bàtà, bí a ti máa ń ṣe bí a bá wọ sùtánà. Bó bá dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tutù bí omi àmù. Á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á ké sí mi, màá wá mú aṣọ kíjìpá tí ìyá mi fi sin mí wá sílé ọkọ. Bí ojúmọ́ wa ṣe máa ń mọ́ nìyẹn.

Àgùàlà ní tirẹ̀ kò yé béèrè nípa òkè láti ọjọ́ tí mo ti sọ ọ́ lórúkọ. Ó kàwé, ó sọdá títì lọ sí yunifásítì, ó kà á títí wọ́n fi ní kó dúró síbẹ̀ kó máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ìràwọ̀ niṣẹ́ rẹ̀. Ó lọ́kọ, ó kó lọ sí Baṣọ̀run. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kan nídìí máṣíìnì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹ ti fún mi lórúkọ tí kì í ṣe tèmi. Àgùàlà kì í ṣe ìràwọ̀. Ayé kan ni bíi tiwa yìí, oòrùn ló ń tàn án." Mo ní ó ti pẹ́ jù, mo ti jẹ iyọ̀ ìsọmọlórúkọ náà tán, mi ò lè pọ̀ ọ́.

Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí ìyálé mi kú, nígbà tí òjò ti ká ilẹ̀ tí ọyẹ́ kò tíì dé, ó wá kí wa nírọ̀lẹ́ kan. Wọ́n ti mú iná lọ. Ó yọ awò olójú méjì kan nínú báàgì rẹ̀, ó ní ká jáde sójú àgbàlá, òun fẹ́ fi iṣẹ́ òun hàn wá. Ó nawọ́ sókè orí ilé alájà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé wa. Mo rí ìràwọ̀ kan. Mi ò rí ohun tó fi yàtọ̀. Ó ní ká fi wé èyí tó wà nítòsí rẹ̀, ká má gbàgbé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ó tún wá, ó ní ká tún un wò. Ìràwọ̀ náà ti rẹ̀wẹ̀sì. Èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ yan fún ẹnìkejì rẹ̀ lánàá, ẹnìkejì ti wá tàn jù ú lọ.

Àyà ìyálé mi já. Ó ní, "Ṣé ó ń kú ni?"

Àgùàlà ní kò kú o. Ó ní ojú wa ló rí i ní ọ̀kan, mẹ́ta ni. Méjì nínú wọn súnmọ́ ara wọn gan-an, wọ́n ń yí ara wọn po, wọn kì í sinmi. Ọ̀kan mọ́lẹ̀ púpọ̀, èkejì kò mọ́lẹ̀ tó o. Ẹ̀kẹta jìnnà díẹ̀, ó ń yí àwọn méjèèjì po láti ọ̀ọ́kán. Bí èyí tí kò mọ́lẹ̀ bá ti bọ́ síwájú èyí tó mọ́lẹ̀, á bò ó, àwa tí a wà nílẹ̀ á ní ìràwọ̀ ti dijú. Kò ní pẹ́ kó tó kọjá, ìmọ́lẹ̀ á sì padà bó ṣe wà. Ó ní èyí tí wọ́n bò yẹn kò pàdánù nǹkan kan, àwa là ń wò ó láti ibi tí a wà.

Ìyálé mi rò ó wò. Ó ní, "Èwo ló sanra jù nínú àwọn méjèèjì?"

Àgùàlà ní èyí tí kò mọ́lẹ̀ yẹn ni. Ìyálé mi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé Ọlọ́run kò fi ẹran dù mí. Ó ní, "Ìyàwó, wọ́n ti rí ọ lókè."

A rẹ́rìn-ín débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yọjú lójú fèrèsé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo ti mọ ohun tí màá gbọ́: "Yẹra, o ń bò mí." Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo bi Àgùàlà pé ṣé èyí tó mọ́lẹ̀ náà kì í bọ́ síwájú èyí tí kò mọ́lẹ̀ ni. Ó ní ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣe ni wọ́n ń bo ara wọn, ṣùgbọ́n nígbà yẹn ohun tó ń dín kò tó nǹkan, ojú lásán kò lè rí i. Mo yíjú sí ìyálé mi.

"Ẹ gbọ́? Ẹ̀yin náà ń bò mí. Aráyé ni kò rí i."

Ó ní, "Mo gbọ́."

Mo ní ẹ̀kẹta tó jìnnà yẹn, ọkọ wa ni, ẹni tí kì í kúrò ní Bódìjà nígbà ayé rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyálé mi ní rárá, ó fi ẹnu júwe ọmọ rẹ̀. Àgùàlà ní òun kò sí níbẹ̀, òun tí òun ń wò wọ́n.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìyálé mi dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó tì í, mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ọmọ òun sí ibi tó ga. Ó ní ọmọ òun ń wo ìràwọ̀ mẹ́ta tó wà lójú kan, pé èyí tó sanra tí kò mọ́lẹ̀ a máa bọ́ síwájú èyí tó mọ́lẹ̀, a sì bò ó. Gbogbo ìjọ ké halelúyà. Mo mọ̀ pé kò yé ẹnì kankan. Ìyá aríran wa jókòó lápá iwájú, ó di ojú, ó ń mi orí.

Nínú ìjọ wa, ìràwọ̀ kì í ṣe ohun tó wà lókè nìkan. Ẹnìkọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ògo rẹ̀ ni. Bí nǹkan bá le fún ènìyàn, tó ń ṣe é tí kò lọ, wọ́n á ní ẹnì kan ti bo ìràwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré. Mi ò mọ̀ pé ó lè kàn mí.

Àsìkò òjò tó tẹ̀ lé e ni ẹsẹ̀ ìyálé mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ring Road, dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó fún un lóògùn, ó ní kó má jẹ iyọ̀. Eyínmẹ́nugún ní òun kò ní fọwọ́ lẹ́rán, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá aríran gbàwẹ̀, ó sì ríran. Eyínmẹ́nugún gbé ìran náà wá sílé wa ní ọ̀sán gangan, ó jókòó sí pálọ̀, ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa. Ó ní aríran rí ìràwọ̀ mẹ́ta lójú kan. Ó ní èyí tó sanra tí kò mọ́lẹ̀ bọ́ síwájú èyí tó mọ́lẹ̀, ó sì bò ó. Ó ní wọ́n ní ẹni tó ń ṣe é kò jìnnà, abẹ́ òrùlé kan náà ni. Bó ṣe ń sọ ọ́, ìbàdí mi ló ń wò.

Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ̀rí tí ìyálé mi jẹ́ nìyẹn."

Ó ní, "Ṣé o ń pe ìyá aríran ní onírọ́ ni?"

Mi ò pè é ní onírọ́. Títí di òní mi ò pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tí etí bá gbọ́ lè rì sísàlẹ̀, kó tún léfòó lójú àlá, kí ẹni tó lá a má sì mọ̀ pé òun ti gbọ́ ọ rí. Mo yíjú sí Àgùàlà. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló dúró sí, ìwé ilé ìwòsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń retí kó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n gbé sáré yíká ìlú tí wọ́n tún gbé padà wá fún un, ta ló tún yẹ kó mọ̀ ọ́n jù ú lọ? Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìyá rẹ̀ lórí àga, ó wò mí, ó tẹ́ ìwé náà lé ara wọn. Ìyálé mi ní tirẹ̀ ti sùn lọ, oògùn ti kùn ún lóorun. N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Láti ọjọ́ kejì, Àgùàlà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wá nínú kúlà láti Baṣọ̀run. Ó ní nítorí iyọ̀ ni. Èmi náà mọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i, mo ti ń sè é láti ìgbà tí dókítà ti wí. Lẹ́yìn náà ó yí bó ṣe ń kí mi padà. Àǹtí ni mo ti ń jẹ́ láti kékeré rẹ̀. Ó wá di "Ẹ káàárọ̀, mà," bí ènìyàn ṣe ń kí àwọn tó wà lẹ́yìn tábìlì ní báńkì. Kò sí ẹni tó bú mi. Kò sí ẹni tó fi ẹ̀sùn kàn mí lójú. Ìyẹn gan-an ló pa mí lẹ́nu mọ́, nítorí ẹni tí wọn kò pè lẹ́jọ́, kí ló fẹ́ rò?

Ní ìparí ó ní òun máa gbé ìyá òun lọ sọ́dọ̀ òun, pé ó súnmọ́ dókítà mìíràn. Mo wà ní yàrá ẹ̀yìn, mò ń di aṣọ rẹ̀, kíjìpá ni mo fi sí ìparí. Kí n tó gbé e jáde, ọkọ̀ ti lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Màmá ń wẹ̀yìn, wọ́n ní ó ń wẹ̀yìn títí ọkọ̀ fi yà. Mo lọ sí Baṣọ̀run nígbà méjì. Ní ìgbà kìíní wọ́n ní ó ń sùn. Ní ìgbà kejì náà wọ́n ní ó ń sùn. Mo jókòó sí pálọ̀ wọn, wọ́n fún mi ní omi nínú ife dáadáa, mo mu ún, mo dìde. Fóònù ni mo fi gbọ́ ikú rẹ̀.

A sin ín. Mo dúró lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un, èmi ni mo rán an, ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, nígbà tó di ìyá ìjọ. Kò sí ẹni tó rántí ìyẹn, èmi náà kò sọ ọ́.

Ohun tí kì í jẹ́ kí n jókòó nìyí. Kì í ṣe ohun tí Eyínmẹ́nugún rò, kì í tilẹ̀ ṣe ohun tí ìjọ rò. Ṣé ìyálé mi gbà á gbọ́? Ṣé ó kú ní Baṣọ̀run pẹ̀lú èrò pé èmi tí mo bá a gbé láti ìgbà èwe mi ni mo bo ìràwọ̀ rẹ̀? Òkú kò ṣeé bi léèrè. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni náà sì ń pè mí ní mà. Gbogbo Dùgbẹ̀ tí mo lọ, gbogbo Challenge, ìbéèrè yìí ni mo gbé lọ tí mo sì tún gbé bọ̀.

Nígbà tí ìrántí ọlọ́dún kan ń súnmọ́, Àgùàlà wá sí Agbowó lọ́sàn-án Sátidé kan. Ó ní fọ́tò ìyá òun tó wà lára ògiri lòun wá mú, wọ́n fẹ́ fi ṣe ìwé àdúrà. Mo wà nídìí máṣíìnì. Ó kí mi, ó wọlé, ó já fọ́tò, ó ń jáde bọ̀. Mo dìde. Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo dúró síbẹ̀, mo sì dí i, ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ìta wọlé kò ríbi gbà.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo ń kánjú."

Mo ní, "Kí ni ìyá rẹ sọ nípa mi?"

Ó ní ká má sọ ìyẹn. Mo ní ká sọ ọ́. Ó ní àwọn tó ti lọ ti lọ. Mo ní èmi kò tíì lọ, mo ṣì dúró síbí, kò sì ní rọ́nà kọjá. Ó gbé fọ́tò náà mọ́ àyà. Ó wo ilẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, bí ọmọ tó di etí ìró mú ní ọjọ́sí ni ohùn rẹ̀ rí.

"Ó sọ ọ́ ní ọjọ́ mélòó kan kó tó kú. Ó ní, 'Kò sí ẹni tó ń bò mí bíi tirẹ̀.' Mo ní bíi ti ta ni. Ó dárúkọ yín."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí òun ṣe gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé bí mo bá jẹ́ òun, tí ìran yẹn sì ti wà lọ́kàn mi, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ì bá gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ní ohùn ìyálé mi.

Mo bi í pé báwo ni ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ó wò mí bí ẹni pé mo ti ya wèrè. Ó ní ó tutù, ó máa ń tutù nígbà gbogbo, àwọn ti fi búláńkẹ́ẹ̀tì tó dára bò ó.

"Ó ń tì í dànù?"

Ó ní, "Ó ń tì í dànù. A bò ó, á tì í. A tún bò ó, á tún tì í."

Mo kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá fẹ́ lọ, ọ̀nà ti ṣí. Mo lọ sí yàrá ìyálé mi, mo mú kíjìpá náà wá, ó ṣì wà ní dídì bí mo ṣe dì í lọ́jọ́ tí ọkọ̀ lọ. Mo ní kó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ kó bọ́ bàtà. Ó jókòó. Mo fi hàn án. Ènìyàn kì í ju kíjìpá lé ẹsẹ̀ lórí, ó wúwo, á máa yọ̀ lọ. Abẹ́ gìgísẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ lé e, wọ́n á wá dá etí rẹ̀ padà sókè láti ìsàlẹ̀, wọ́n á ki í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ kejì, kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè máa mú ara wọn gbóná. Bí ìyá rẹ̀ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé láàárọ̀, tó jókòó síbí, tó ké sí mi, ọ̀rọ̀ méjì péré ló máa ń sọ, láti ọdún tí ọkọ wa ti kú. Á ní, "Ìyàwó, bò mí."

Àgùàlà ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Fóònù rẹ̀ dún nínú báàgì, kò gbé e. Ó ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ohun tó ní lọ́kàn nìyẹn?"

Oníwèé ni, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó béèrè. Mo ní, "O ò lè mọ̀. Èmi náà ò lè mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì fi ọwọ́ nu ún nítorí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí fọ́tò. Mo jáde lọ sídìí máṣíìnì, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, mo dìde, mo padà wá wò ó láti ojú ilẹ̀kùn, mo tún lọ. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ti ká kíjìpá náà, ó gbé e dání pẹ̀lú fọ́tò. Ó ní ṣé òun lè mú un lọ. Mo ní rárá. Mo ní bó bá fẹ́ ẹ, kó máa wá bá a níbí. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó dé ìta, ó dúró, ó wo òkè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ṣì wà, kò sì sí nǹkan kan lókè àfi wáyà iná. Ó ní ìràwọ̀ náà á dijú ní ọ̀túnla, nírọ̀lẹ́, kí n tó wọlé sùn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí ọ̀túnla láti ọ̀la. Mo gbá àgbàlá. Mo tún un gbá. Mo se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí kò níyọ̀, mo rántí pé kò sí aláìsàn mọ́, mo bu iyọ̀ sí i. Ọ̀túnla náà dé, mo ní kò ní wá. Mo ní bó bá wá, kúrukúru á ti bo ojú ọ̀run, nítorí láti àárọ̀ ni sánmà ti ń ṣú tí ó ń là. Àdúrà ìrọ̀lẹ́ ní mọ́sálásí tó wà nítòsí ti parí nígbà tí mo gbọ́ ẹnu géètì. Òun nìkan ni, awò olójú méjì náà wà lọ́rùn rẹ̀.

Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un, mo sì sá kúrò níbẹ̀ kí n má baà máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo ń gbọ́ ìró ṣíbí. Lẹ́yìn náà ó bá mi lójú àgbàlá. Jẹnẹrétọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bú ramúramù, èéfín rẹ̀ ń lọ sókè, àwọ̀sánmà kan sì ń rọra kọjá lórí ilé alájà mẹ́ta. A kò rí nǹkan kan. Mo ń rìn síwájú, mo ń rìn sẹ́yìn, mò ń wá ibi tí àwọ̀sánmà ti fẹ́ là. Ó là. Mo rí i, ó ti rẹ̀wẹ̀sì bó ṣe ṣe lọ́dún yẹn, ó ń bẹ níbẹ̀ ṣáá, kò tíì padà. Mo na ìka sí i. Mo dúró sí ojú ibi tó dára jù lọ láti wò ó.

Lẹ́yìn mi, Àgùàlà ní, "Àǹtí, ẹ yẹra, ẹ ń bò mí."

Mi ò tètè yẹra. Mo kọ́kọ́ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo yẹra.